Ẹ San Owó Tíṣà Kí Ẹ Tó Gbàdúrà fún Un

Sí ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn àti ẹ̀yin onílé-ìwé tí ẹ jẹ́ Kristẹni ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndò,

Bí Àyájọ́ Olùkọ́ Lágbàáyé bá dé lọ́jọ́ karùn-ún oṣù Kẹwàá, ọ̀pọ̀ nínú yín a máa pe àwọn tíṣà síwájú pẹpẹ, ẹ ó gbọ́wọ́ lé wọn, ẹ ó sì ní ọ̀run lèrè wọn wà. Àdúrà yẹ wọ́n. Ohun tó dùn mí ni pé a ti fi ọ̀rọ̀ ìyànjú yìí rọ́pò owó oṣù.

Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkó ka àwọn ilé-ìwé aládàáni ní 2010 sí 2011, wọ́n lé ní 12,000. Ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, níbi tí àdúgbò yín wà, kún fún àwọn kéékèèké inú wọn, níbi tí ọmọ oní-Márúwá àti ọmọ aláta ọjà Ìkòtún ti ń kàwé, nítorí owó ibẹ̀ kò wọ́n. Láti 2024, owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin jẹ́ ₦70,000, ṣùgbọ́n òfin ọdún 2019 yọ ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé kékeré ń gbà yọ. Òfin ìlú ò mú wọn lóòótọ́. Ṣé ti Ọlọ́run náà ò mú wọn ni? Diutarónómì orí 24 pàṣẹ kí á san owó alágbàṣe kí oòrùn tó wọ̀, torí pé tálákà ni. Jákọ́bù orí 5 ní owó tí a fi du òṣìṣẹ́ ń ké, igbe àwọn òṣìṣẹ́ náà sì ti dé etí Olúwa. Kò sí ibi tí wọ́n ti béèrè bóyá òṣìṣẹ́ náà pé 25.

Ẹ ó ní ìpè ni iṣẹ́ tíṣà, pé Pọ́ọ̀lù pàápàá pàgọ́ kó lè bọ́ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tún Kọ́ríńtì Kìíní orí 9 kà. Pọ́ọ̀lù kọ́kọ́ jà fún ẹ̀tọ́ oníwàásù láti jẹ nídìí iṣẹ́ rẹ̀, kó tó sọ pé òun fi ẹ̀tọ́ tòun sílẹ̀. Tirẹ̀ ló fi sílẹ̀, kò bá ẹlòmíràn fi tẹni náà sílẹ̀. Ẹni tí kò san owó oṣù Kẹjọ nítorí pé ilé-ìwé wà ní ìsinmi, tó wá ń wàásù ìpè fún tíṣà rẹ̀, kò tọ ọ̀nà Pọ́ọ̀lù.

Àtakò tó wúwo jù ni pé òbí ò lówó. Bí ẹ bá fi kún owó ilé-ìwé, ọmọ tálákà ni yóò jókòó sílé. Mo gbà, n kò sì ní kí ẹ fi kún un. Ọ̀nà mìíràn wà. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Àgbádárìgì ní àwọn ọdún 1840, ẹgbẹ́ ìjíhìnrere ló ń sanwó tíṣà, wọ́n kà á mọ́ òṣìṣẹ́ ìjọ. Ìjọ tó ń dáwó ìkọ́lé àti owó jẹnẹrétọ̀ lè dá èyí náà. Mo bẹ̀ yín, ẹ ya ọrẹ Ọjọ́ Ìsinmi kan lóṣù sọ́tọ̀ fún owó oṣù wọn, ẹ san gbèsè tó wà nílẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ wọn pé ẹ ó máa san ti oṣù Kẹjọ pẹ̀lú.