Dùùrù Kan, Ẹnu Méjì: Ẹ̀sùn Mi sí Àwọn Tó Ń Ta Kíbọ́ọ̀dù

Àwọn tí mo ń pè lẹ́jọ́ ni àwọn oníṣòwò kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n ń ta tuntun fún olórin, tí wọ́n ń gba àlòkù lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n sì ń rẹ́ ẹ jẹ lọ́nà méjèèjì. Kì í ṣe gbogbo wọn. Ní ọjà Alábá ní Èkó, àti nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù tó wà káàkiri Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Òṣogbo, àwọn kan wà tó jẹ́ pé àbùkù ẹ̀rọ ni wọ́n kọ́kọ́ máa sọ fún ọ kí wọ́n tó dárúkọ owó. Ẹ̀sùn yìí kò kàn wọ́n, àwọn náà sì mọ àwọn tó kàn.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé irinṣẹ́ ni kíbọ́ọ̀dù jẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ jẹ́ ọ̀dọ́ tí ìjọ ń fún ní owó ọkọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, tí wọ́n ń bá ẹgbẹ́ olórin lọ sóde àríyá lọ́jọ́ Sátidé, tí wọ́n tún ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní dùùrù láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá rẹ́ irú wọn jẹ ti gba ọkọ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀.

Ẹ̀sùn kìíní dá lórí ìbéèrè kan tí wọ́n fi ń pàdé ẹni tó bá gbé àlòkù wá sí ṣọ́ọ̀bù: “Ọ̀gá mi, èló lẹ rà á nígbà yẹn?” Ó jọ ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́, àmọ́ pàkúté ni. Ká sọ pé ẹni náà ra kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ní 250,000 náírà lọ́dún 2020. Yóò dáhùn pé 250,000. Ọlọ́jà á mi orí, á ní ẹ ti lò ó pẹ́, ẹ jẹ́ ká sọ pé 120,000. Olórin á rò pé òun kò pàdánù púpọ̀ jù, nítorí ó dàbí ẹni pé ìdajì owó òun padà wá.

Náírà tí wọ́n fi ṣe ìṣirò yẹn kò sí láyé mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù June 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní bánkì. Nígbà tí oṣù February 2024 fi ń parí, ó ti kọjá 1,500. Ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Japan ni Yamaha, Korg, Roland àti Casio, owó òkèèrè la sì fi ń kó ọjà wọn wọlé. Bí dọ́là ti ń gòkè ni owó tuntun ń gòkè, àlòkù sì ń tẹ̀lé e, nítorí àwọn tí ọwọ́ wọn kò tó tuntun mọ́ ló ń wá a kiri. Kíbọ́ọ̀dù tí o rà ṣáájú ìgbà yẹn, tó wà ní kọ̀rọ̀ yàrá rẹ, lè níye lórí ní náírà ju ọjọ́ tí o rà á lọ, bí o bá tọ́jú rẹ̀. Ọlọ́jà mọ èyí dáadáa. Nígbà tó bá ń ta tuntun fún ọ, dọ́là òwúrọ̀ yìí ló ń kà. Nígbà tó bá ń ra tìrẹ, ó padà sí 2020. Èrú ni, mi ò sì ní fi orúkọ mìíràn pè é.

Bí ìbéèrè yẹn kò bá mú ọ, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í tú àbùkù sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni ẹ̀sùn kejì wà. “Old model ni.” Ọdún 1988 ni Korg gbé M1 jáde, ó gbé Triton jáde lọ́dún 1999, ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ti tún ìró méjèèjì ṣe sórí kọ̀ǹpútà, ó sì ń tà wọ́n. DX7 tí Yamaha gbé jáde lọ́dún 1983 ńkọ́? Ìró piano rẹ̀ ṣì ń sọ nínú ẹ̀rọ tuntun tí àwọn ọlọ́jà wọ̀nyí kó sórí tábìlì. Bí ìró àtijọ́ kò bá níye lórí, kí ló dé tí wọ́n fi ń fi í polówó tuntun?

Lẹ́yìn náà wọ́n á tẹ kíì kan tí kò dún, wọ́n á sì pòṣé bí ẹni pé òkú ló wà níwájú wọn. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ náà. Lábẹ́ kíì kọ̀ọ̀kan, rọ́bà kékeré kan wà tó ní ojú méjì. Bí o bá tẹ kíì, ojú kan á kọ́kọ́ kan bọ́ọ̀dù, èkejì á tẹ̀lé e. Ẹ̀rọ á wo bí àkókò tó wà láàárín méjèèjì ti gùn tó. Ìyẹn ló fi ń mọ̀ bóyá o rọra tẹ̀ ẹ́ tàbí o fi agbára tẹ̀ ẹ́. Bí eruku bá bo ojú kan, kíì náà lè má dún rárá, tàbí kó máa ké tòò láìbìkítà bí ọwọ́ rẹ ti rí. Ẹnjiníà tó mọṣẹ́ lè tú u, kó nu ún, tàbí kó pààrọ̀ rọ́bà náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn síntẹ́sáísà àtijọ́ tó máa ń gbàgbé ohun tí a tò sínú wọn: bátìrì pẹlẹbẹ kékeré ló tán nínú wọn, irú èyí tó ń wà nínú kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ àtúnṣe kékeré ni wọ́n fi ń gé owó ẹ̀rọ sí méjì. Bí wọ́n bá ti rà á tán, ọ̀sán ọjọ́ kejì, rọ́bà ti mọ́, bátìrì ti wọlé, orúkọ rẹ̀ sì ti yí padà: “UK used, neat, kò ní ìṣòro kankan.”

Ní ti swap, ìyẹn kí o fi àlòkù pẹ̀lú owó gba tuntun, ẹ fara balẹ̀ bá mi ka owó yìí, nítorí ibi tí wọ́n ti ń yan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ nìyẹn. Ká ní tuntun kan wà tí ẹni tó mú owó lọ́wọ́ lè rà ní 1,100,000. Ìwọ dé, o ní àlòkù lọ́wọ́, o sì sọ pé swap lo fẹ́ ṣe. Tuntun á di 1,200,000 lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á ní àwọn gba tìrẹ ní 250,000, kí o fi 950,000 lé e. O rò pé 250,000 ni wọ́n fún ọ lórí ẹ̀rọ rẹ. Ká ní o san owó lásán ni, 1,100,000 lò bá san. O san 950,000. Nítorí náà 150,000 péré ni wọ́n ra ẹ̀rọ rẹ. Wọ́n á wá gbé e síta ní 400,000.

Ìdí tí èyí fi ṣeé ṣe ni pé iye owó méjèèjì, ẹnìkan náà ló ń dá a, ó sì ń pò wọ́n pọ̀ kí o má baà rí èyí tó dínkù. Mo ti gbọ́ àwíjàre wọn. Wọ́n ní àwọn ń san owó ṣọ́ọ̀bù, pé àlòkù lè kú sí àwọn lọ́wọ́, pé ó lè jókòó fún oṣù mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè rẹ̀. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ẹni tó ń rà láti tún tà sì gbọ́dọ̀ jèrè. Bí ẹ̀rọ mi bá máa tà ní 400,000, tí o fún mi ní 280,000, tí o sì sọ ọ́ fún mi lójúkojú pé èrè rẹ nìyẹn, àwa méjèèjì á bọwọ́. Ẹ̀sùn mi ni bíbò tí wọ́n ń bo èrè náà mọ́lẹ̀.

Wọ́n tún ń ta àlòkù bí tuntun. Páálí tuntun, ọ̀rá tuntun, ẹ̀rọ tí ọwọ́ ẹlòmíràn ti gbó. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, tó ní ọdún 2018 lórúkọ, tí àjọ FCCPC ń mójú tó, kò fi èyí sílẹ̀ fún ìfẹ́ inú ọlọ́jà: ẹni tó bá ń ta àlòkù tàbí ẹ̀rọ tí wọ́n tún ṣe gbọ́dọ̀ fi hàn kedere pé bẹ́ẹ̀ ló rí, ó sì gbọ́dọ̀ fún oníbàárà ní ìwé ẹ̀rí ohun tó rà. Ẹ yí kíbọ́ọ̀dù dojú dé kí ẹ tó sanwó. Síkúrúù tí screwdriver ti ha lójú kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́. Ẹ wo àwọn kíì àárín sí iná: ibẹ̀ ni ọwọ́ ń wà jù, ibẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ dán. Ẹ fi síríà nọ́ńbà ara ẹ̀rọ wé ti ara páálí. Bí ọlọ́jà bá sì tẹ bọ́tìnnì Demo kí ẹ lè gbọ́ bó ṣe dùn tó, ẹ ní kó pa á. Orin Demo kì í kan kíì kankan. Kíì tó kú pátápátá kò ní kí ó má dùn.

Ti iná kò gbọ́dọ̀ gba àkókò, àmọ́ ó ti ba ẹ̀rọ jẹ́ púpọ̀. Iná tiwa jẹ́ 230 volt, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120, ti Japan jẹ́ 100. Ẹ̀rọ kan wà tó lè gba 100 dé 240, a máa ń kọ ọ́ sí i lára. Òmíràn kò lè gba ju 120 lọ, wọ́n kọ ìyẹn náà sí i. Ọlọ́jà tó kó tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà rí i kà. Kò sọ. Ọjọ́ tí ọmọdékùnrin kan bá kì í bọ iná ògiri tí èéfín yọ, wọ́n á ní NEPA ló jó o.

Èyí tó burú jù lójú mi ni kíbọ́ọ̀dù jíjí. Wọ́n ń fọ́ ṣọ́ọ̀ṣì láàárín òru, wọ́n ń gbé ẹ̀rọ lọ, ẹ̀rọ náà kò sì ní ibòmíràn tí yóò gbà di owó ju ọwọ́ ẹni tó ń ra àlòkù láìbèèrè rìsíìtì. Ọlọ́jà tó ra ẹ̀rọ ńlá ní owó tí kò tó nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń tàn án, tó ní òun kò fura, irọ́ ló ń pa. Ìpalára náà kò sì mọ sórí ìjọ tí wọ́n jà lólè. Nígbà tí èmi bá gbé tèmi wá pẹ̀lú ìwé rẹ̀, owó ẹrù olè ni wọ́n á fi díwọ̀n rẹ̀.

Ẹ̀sùn tó kù, àwa ará ilé ló kàn. Ìjọ á dáwó fún kíbọ́ọ̀dù nígbà ìkórè. Ìyá tó ń ta gààrí á fi owó sí i. Ìgbìmọ̀ á wá rán ẹnìkan tí kò lè tẹ kíì mẹ́ta lọ sọ́jà, ẹni tó ń tẹ dùùrù kò ní mọ̀ títí di ọjọ́ ìyàsímímọ́. Ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n san 1,500,000, wọ́n ní kí ọlọ́jà kọ 1,800,000 sórí rìsíìtì, ọlọ́jà sì kọ ọ́. Owó ìyá onígààrí ti wọ àpò ẹni méjì kí orin tó dún.

Ọlọ́jà náà kò sì bèèrè ohun tó yẹ kó bèèrè: ṣé ẹ ní onílù, ṣé ẹ ní oní-báàsì? Kíbọ́ọ̀dù kan wà tó ní ìlù àti báàsì nínú, tó ń tẹ̀lé ọwọ́ òsì ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́, irú PSR-SX ti Yamaha tàbí Pa ti Korg. Síntẹ́sáísà ní tirẹ̀, iṣẹ́ ìró ló wà fún. Ìjọ kékeré tó ní ẹnìkan ṣoṣo lórí orin nílò ti àkọ́kọ́. Ìjọ tó ní ẹgbẹ́ kíkún lè máa sanwó fún ìlù tí ẹnikẹ́ni kò ní lò láé. Èyí tó wọ́n jù tó sì pẹ́ jù nínú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń gbé fún wọn. Kíbọ́ọ̀dù àtijọ́ tí ìjọ ní ńkọ́? Wọ́n ní ó ti bàjẹ́. Ẹ lọ wò ó nílé ọmọ ẹni tí wọ́n rán lọ sọ́jà.

Ohun tí mo ń bèèrè kò pọ̀. Kí wọ́n dárúkọ owó tuntun kí wọ́n tó wo àlòkù. Kí rìsíìtì ní ìlà méjì, ọ̀kan fún ohun tí wọ́n tà, ọ̀kan fún ohun tí wọ́n gbà, pẹ̀lú síríà nọ́ńbà àti iye volt lórí ìlà méjèèjì. Kí wọ́n má ra àlòkù lọ́wọ́ ẹni tí kò ní ìwé, àyàfi bí ẹni tó ṣeé mú bá dúró fún un. Kí ìjọ sì rán ẹni tó ń tẹ dùùrù lọ pẹ̀lú ẹni tó di owó mú.

Títí di ìgbà náà, àwọn tí mò ń kọ́ ní dùùrù kò ní ṣe swap mọ́. Ara wa la ó máa ta àlòkù fún, níwájú ẹnjiníà kan tí a jọ gbà, a ó tẹ gbogbo kíì láti òsì dé ọ̀tún, ẹni tó rà á á sì gbé e lọ lò lọ́jọ́ Ìsinmi kan kó tó san gbogbo owó rẹ̀ tán.