Irọ́ káfíńtà: àpò ló ti ń wá, kì í ṣe ẹnu!

Bí káfíńtà bá ní kí oníbàárà padà wá lọ́jọ́ Sátidé, ó yẹ kéèyàn bi í pé Sátidé wo. Ó pẹ́ táwọn ará ìgboro ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní télọ̀ ló kọ́ káfíńtà nírọ́, ṣùgbọ́n ọmọṣẹ́ ti wá jọ̀gá rẹ̀ lọ. Ẹ̀rín ni o. Àmọ́ ẹni tó ti sanwó kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná, tó wá ń to ìkòkò sílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún oṣù mẹ́ta gbáko, kì í bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ohun tí ọ̀pọ̀ oníbàárà kò mọ̀ ni pé lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀gá káfíńtà ọ̀hún kì í ṣe ọ̀lẹ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbájúẹ̀. Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láago méje àárọ̀, ẹ óò bá a níbẹ̀. Bí ẹ bá ń kọjá lọ láago mẹ́jọ alẹ́, èérún pákó ṣì wà lórí rẹ̀. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe orí iṣẹ́, orí owó àsansílẹ̀ ni.

Ẹ wo bó ṣe máa ń lọ. Ká ní ọ̀gá kan wà tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré n'Íbàdàn, tí kò jìnnà sí ọjà pákó Bódìjà. Ọmọṣẹ́ méjì ló ní, pẹ̀lú ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi ń la pákó àti jẹnẹrétọ̀ kékeré kan. Màmá kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní sẹkitéríàtì wá gbéṣẹ́ kíṣìnì fún un. Wọ́n dúnàá-dúrà títí, wọ́n fi í sí N600,000. Màmá san N400,000 lójú ẹsẹ̀. Ó ní kó parí ẹ̀ kóṣù tó parí, torí ọmọ òun ń ṣègbéyàwó, àwọn àna sì ń bọ̀ wá kí òun nílé.

Ọjọ́ Mọ́ńdè lọ̀gá gbowó. Nígbà tó di Túsìdeè, oníbàárà mìíràn tó ti ń fi ọlá-ọ̀la rán lọ láti oṣù tó kọjá ya wọ ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó ti bẹ́ǹṣì, ó lóun ò ní í kúrò níbẹ̀ àfi tóun bá rí wọ́dúróòbù òun. Bẹ́ẹ̀, owó ẹni yẹn ti tán pátá. Ló bá di pé ọ̀gá yọ N150,000 nínú owó màmá, ó fi ra pákó wọ́dúróòbù. Ní Wẹ́sìdeè, onílé wá gba owó ṣọ́ọ̀bù, N100,000. Ní Tọ́sìdeè, wọ́n lé ọmọ rẹ̀ wálé láti ilé ìwé, N70,000 tún lọ síbẹ̀. Kó tó di Fúráìdè, N80,000 péré ló kù lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì tíì sí pákó kíṣìnì kan ṣoṣo nílẹ̀. Ọ̀gá kò fi owó náà mutí, kò fi gbé obìnrin, síbẹ̀ owó ti lọ.

Ibẹ̀ nirọ́ ti wọlé. Màmá tẹ̀ ẹ́ láago, ọ̀gá ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, màmá, a ti ń gé e.” Kí ni wọ́n ń gé? Ọ̀sẹ̀ kejì, ó ní wọn ò gbé iná wá. Lóòótọ́ ni wọn ò gbé iná wá, ṣùgbọ́n bí iná bá tiẹ̀ wà, kò sí pákó tí yóò là. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ní ọmọṣẹ́ òun ń ṣàìsàn. Ọmọṣẹ́ náà wà níwájú rẹ̀ tó ń jẹ ẹ̀bà.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí àwọn àna dé, màmá kò pe fóònù mọ́, ó gbéra ó di ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin tó ti máa ń sọ pé, “Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o,” bó bá ti ń wọlé, lọ́jọ́ náà kò kí ẹnikẹ́ni. “Ìwọ káfíńtà yìí, níbo ni kíṣìnì mi wà? Ojú ẹ ò tiẹ̀ tì ẹ́!” Ọ̀gá dọ̀bálẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, màmá, ẹ má bínú, ẹ ṣàánú mi.” Àwọn ọmọṣẹ́ dojú délẹ̀. Èyí tó wá burú jù níbẹ̀ ni ti obìnrin kan tó ti dúró ní òdìkejì títì, tó fẹ́ wá bèèrè iye tí wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀dì. Ó gbọ́ ariwo, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀gá ò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan wá.

Nígbẹ̀yìn, ọ̀gá yáwó lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ó ra pákó, òun àtàwọn ọmọṣẹ́ kò sùn fún ọjọ́ mẹ́rin. Kíṣìnì dára gan-an ni o. Àmọ́ ọjọ́ kejì táwọn àna ti lọ ni wọ́n tó gbé e débẹ̀. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n bá ìkòkò màmá.

Ohun tó tún jẹ́ kọ́rọ̀ yìí le sí i ni ọjà tí kò dúró sójú kan. Lọ́jọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, lítà epo tó wà ní nǹkan bíi N190 ti fò kọjá N480. Nínú oṣù kẹfà, wọ́n tún tú náírà sílẹ̀ pé kó máa wá iye rẹ̀ lọ́jà, ó sì já wálẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ òkèèrè ni púpọ̀ nínú pákó HDF, híńjìsì àti réèlì dúrọ́ọ̀ ti ń wá. Káfíńtà tó dá iye lé iṣẹ́ ní oṣù karùn-ún, tó wá lọ ra pákó ní oṣù kẹjọ, àpò ara rẹ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́ fún oníbàárà. Pákó tó ti wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù nìkan ni kì í gbówó lérí mọ́.

Ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀gá tó ti jìyà ẹ̀ rí kì í fi owó àsansílẹ̀ sùn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbà á ni wọ́n ń gba ọjà pákó lọ. Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n bá ra pákó, híńjìsì, síkúrù àti glú tán, tí wọ́n yọ owó epo àti owó ọkọ̀ sọ́tọ̀, ni wọ́n tó ń wo ohun tó kù bí owó iṣẹ́. Wọ́n ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, wọ́n á fún oníbàárà ní ẹ̀dà kan, wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé iye yìí kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ.

Wọ́n kì í sì í fi tépù ṣeré. Fúnra ọ̀gá ló ń lọ wọn ilé, torí ògiri wa kì í tọ́. Ó gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, kó mú èyí tó kéré jù. Wọ́dúróòbù tí inú rẹ̀ kò tó ínǹṣì 24, apá ẹ̀wù á máa há sẹ́nu ilẹ̀kùn. Pákó HDF, ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 4 ni, ìyẹn ni pé ínǹṣì 48 ni fífẹ̀ rẹ̀. Ọmọṣẹ́ tí kò tíì gbọ́n á ní ínǹṣì 12 mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Irọ́ ni. Ẹnu ayùn ń jẹ tó ìdá kan nínú ìdá mẹ́jọ ínǹṣì níbi tó bá ti kọjá, ìgbà mẹ́ta ló sì máa kọjá, ègé tó kẹ́yìn kò ní í pé mọ́. Pákó tí wọ́n bá sì ti gé kúrú, kò sẹ́ni tó lè fà á gùn. Òmíràn ni wọ́n máa rà, èrè iṣẹ́ yẹn ló sì máa rà á.

Igi gidi náà ní tirẹ̀. Ọ̀gànwó tàbí ìrókò tí wọ́n bá kàn ní tútù, bí ọyẹ́ bá dé, á sún kì, ojú ìso á là. Fánísì tí wọ́n bá kùn nígbà tójò ń rọ̀ lè funfun, wọ́n á tún un kùn. Nítorí náà, ẹni tó bá mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́wàá niṣẹ́ gbà, kó sọ pé ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Oníbàárà kì í bínú bí iṣẹ́ bá tètè dé.

Ẹ̀yin oníbàárà náà, ẹ̀bi tiyín wà níbẹ̀. Ẹ ti ná owó títí dé egungun, ẹ tún ń retí pákó gidi. Pákó tí wọ́n fi èérún lẹ̀ ló máa fi ṣe é, omi ẹ̀gbẹ́ síǹkì á sì wú u láìpẹ́ ọjọ́. Ẹ ti fọwọ́ sí iṣẹ́ tán, ẹ tún dé láàárín ọ̀sẹ̀ pé, “Ọ̀gá, ẹ kàn bá mi fi dúrọ́ọ̀ mẹ́ta kún un.” Kò sí kíkàn níbẹ̀, owó ni. Ẹ san owó lẹ́ẹ̀mẹta: ti pákó, èyí tẹ́ ẹ lè bá a lọ sọ́jà lọ fojú yín rí, ti ìdajì iṣẹ́, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti rí àpótí rẹ̀ tó dúró, kẹ́ ẹ wá san tó kù nígbà tí ilẹ̀kùn bá ti ń ṣí tó ń pa.

Màmá san N200,000 tó kù láìjanpata. Kò bú ọ̀gá mọ́, ṣùgbọ́n nígbà tọ́rẹ̀ẹ́ rẹ̀ wọ kíṣìnì náà tó ní, “Iṣẹ́ yìí mà dáa o, ta ló ṣe é?” màmá ní òun ò ní nọ́ńbà rẹ̀ lọ́wọ́. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ, ọwọ́ ọ̀gá ló sì ti bọ́.

Ẹ̀yin káfíńtà, owó àsansílẹ̀ kì í ṣe owó, pákó ni. Ẹ tètè sọ ọ́ di pákó kí ilé ìwé àti onílé tó gbọ́. Bí ẹ bá sì tún fẹ́ sọ pé Sátidé, kó jẹ́ Sátidé tó ń bọ̀ yìí.