Akpeteshie Nínú Ife Àlejò

Ní Kùmásì ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, ní ilé olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìntì, ọmọ Yorùbá tí a bí síbẹ̀, tí òfin lílé àjèjì ti ọdún 1969 lé lọ sí Nàìjíríà, tí ó sì tún padà síbẹ̀. Bàbá náà gbé ìgò ọtí Scotland síwájú mi. Nígbà tí mo bi wọ́n léèrè bóyá akpeteshie wà nínú ilé, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n wo ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé a máa ń gbé ìyẹn fún àlejò ni?" Ó wà nílé o. Ẹ̀yìn àpótí ìwé ni wọ́n gbé e pamọ́ sí.

Ìtìjú yìí ni mo fẹ́ bá jà, nítorí kì í ṣe àwa ni a dá a sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn Ga ni akpeteshie; ìfarapamọ́ ni ó wà nínú ìtumọ̀ rẹ̀, ó sì ní ìdí. Láti ara ẹmu ọ̀pẹ tàbí omi ìrèké ni a ti ń pọn ọ́n. A óò jẹ́ kí ó kan, a óò dà á sínú dúróòmù lórí iná, ooru rẹ̀ yóò gba inú páìpù bàbà tí ó la omi tútù kọjá, yóò sì máa kán sínú ìgò. Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí owó kòkó já wálẹ̀ tí jíìnì òkè òkun sì wọ́n, àwọn ará Gold Coast gbájú mọ́ ọtí tiwọn. Ìjọba àwọn òyìnbó gbé ọlọ́pàá dìde sí wọn, wọ́n ń gba irinṣẹ́ wọn, wọ́n sì ń jù wọ́n sí ẹ̀wọ̀n. Wọ́n ní nítorí ìlera wa ni. Bí ó bá jẹ́ nítorí ìlera nìkan ni, kí ní dé tí jíìnì tiwọn kò fi léwu? Owó bodè tí wọ́n ń gbà lórí ọtí òkè òkun jẹ́ apá pàtàkì nínú owó tí wọ́n fi ń ṣèjọba, ẹni tí ó bá sì mu ti ilé kò san kọ́bọ̀ fún wọn. Bákan náà ni wọ́n ṣe sí ògógóró ní Nàìjíríà. Lẹ́yìn òmìnira Ghana ní ọdún 1957 ni ìjọba Nkrumah tó fún àwọn tí ń pọn akpeteshie láyè lábẹ́ òfin. Òfin àtijọ́ lọ, ìtìjú kù.

Ẹ tún wo èyí. Ẹni tí ó bá ń lọ kí Asantehene ní ààfin Manhyia, ṣìnápù ni yóò gbé dání. Ọtí àwọn ará Netherlands ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ti wọ inú àṣà (àwa náà ń fi í tọrọ ìyàwó), n kò sì bá a jà. Èyí tí ń dùn mí ni pé àjèjì di ọmọ ilé, ọmọ ilé sì wá di ẹni tí a ń fi pamọ́.

Àwọn kan yóò sọ pé ọtí líle lásán kò yẹ ọmọlúàbí. Mo gbà. Ṣùgbọ́n kí ni àwọn aláwọ̀ funfun ń pè ní cocktail? Ní ọdún 1806, ìwé ìròyìn kan ní ìlú Hudson, ní New York, ṣàlàyé rẹ̀ fún òǹkàwé kan tí ó béèrè: ọtí líle, ṣúgà, omi àti bítà. Ó tán. Èwo nínú wọn ni kò sí lábẹ́ òrùlé wa? Egbò àti èèpo igi tí a rẹ sínú ọtí ni bítà; àwọn ìyá alágbo wa kò dúró de ìwé ìròyìn kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Àwọn ará Ghana kò fi ọgbọ́n náà ṣòfò: ilé iṣẹ́ Kasapreko, tí a dá sílẹ̀ ní 1989, ń ṣe Alomo Bitters tí àwa náà ń mu ní Èkó.

Nítorí náà mo tọrọ àyè lọ́wọ́ Bàbá. Mo wọn ṣíbí ìjẹun mẹ́rin akpeteshie sínú ife ńlá kan. Màmá gbé oyin wá. Mo fi omi gbígbóná díẹ̀ yọ́ ṣíbí kékeré kan, nítorí oyin kì í tètè yọ́ nínú ohun tútù. Mo da bítà ṣíbí kékeré kan sí i, mo kó omi dídì kún ife náà, mo sì ń fi ṣíbí ọlọ́wọ́ gígùn rò ó jẹ́jẹ́ fún bí ìdajì ìṣẹ́jú. A kì í mì í jìgìjìgì. Ọtí tí ó ní omi ọsàn tàbí mílíìkì nínú ni a ń mì, nítorí pé wọn kì í tètè pò. Bí a bá mi irú tiwa yìí, afẹ́fẹ́ yóò wọ̀ ọ́, kò ní mọ́ gaara mọ́. Iṣẹ́ méjì ni ríro ń ṣe: ó ń mú un tutù, omi dídì sì ń yọ́ sínú rẹ̀, títí omi yóò fi tó bí ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí a óò mu. Ẹ má pe omi yìí ní àbùlà. Òun ni ó ń rọ ọtí náà lójú, tí òórùn ọ̀pẹ inú rẹ̀ fi ń jáde. Mo sẹ́ ẹ sínú ife kékeré, mo sì fún èèpo ọsàn lé e lórí. Àwọn tí ń ta ọsàn lójú pópó a máa bó èèpo òde rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ dànù; inú ohun tí wọ́n ń dà nù yẹn gan-an ni òróró olóòórùn dídùn wà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò bínú. Ọ̀pọ̀ Yorùbá Kùmásì jẹ́ Mùsùlùmí tí kì í mutí, ìjọ Kristi púpọ̀ kò sì fẹ́ ẹ. N kò pe ẹnikẹ́ni wá síbi ife. Àwọn tí mo ń bá wí ni àwọn tí ń mutí, tí ti ilé sì ń tì wọ́n lójú, àti àwọn kan tí wọ́n rò pé kí a gbé e mì lóòró ní ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ ní òwúrọ̀ ni ìfẹ́ ìlú. Ife kan tí a fi sùúrù rò, tí a sì jókòó mu lálẹ́, tó.

Ewu wà, a kò sì gbọdọ̀ bò ó. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, ọtí tí mẹ́táńọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀ pa ènìyàn púpọ̀. Ojú kò lè mọ májèlé yìí, imú kò lè mọ̀ ọ́n, oyin àti omi dídì kò sì lè mú un kúrò. Lọ́wọ́ ẹni tí ó ní ìwé àṣẹ, tí orúkọ rẹ̀ wà lára ìgò, nìkan ni kí a ti máa rà á. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, ìjọba Nàìjíríà fòfin de ògógóró. Ọgbọ́n àwọn òyìnbó àtijọ́ ni wọ́n tún gbé lò. Ẹni tí a lé wọ inú igbó, ta ni yóò yẹ ọtí rẹ̀ wò níbẹ̀? Kí a forúkọ wọn sílẹ̀, kí a máa yẹ ọtí wọn wò, kí a sì gba owó orí lọ́wọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí a ti ń gbà á lọ́wọ́ àwọn tí ń kó ọtí Scotland wọlé.

Bàbá olùkọ́ mu tiwọn tán. Wọ́n ní oyin náà pọ̀ díẹ̀.