Ìkọ́ Kì Í Ṣe Ìlẹ̀kẹ̀: Kí Aṣọ́bodè Pe Ohun Kékeré Ní Orúkọ Rẹ̀

Bí àwọn régbérégbé bá ń yan ní Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wọn ni ojú gbogbo ń wò. Kò sí ẹni tó ń wo ìkọ́ kékeré tó so okùn ìlẹ̀kẹ̀ náà pọ̀ lẹ́yìn ọrùn. Bẹ́ẹ̀, bí ìkọ́ bá já, ìyùn olówó iyebíye á di ohun tí à ń ṣà nílẹ̀. Obìnrin tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ ní Ìbẹ̀fun lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe gbogbo iṣẹ́ yòókù, ṣùgbọ́n ọjà òkèèrè ni ìkọ́. Ó gbọ́dọ̀ kọjá lọ́wọ́ aṣọ́bodè ní èbúté kó tó dé ọjà Balógun l'Ékòó, kí obìnrin náà tó lè rà á.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé, orúkọ wo ni aṣọ́bodè yóò pè é? Bí wọ́n bá pè é ní ẹ̀ṣọ́ ara tí kì í ṣe wúrà tàbí fàdákà, àkọlé 71.17 ni yóò bọ́ sí nínú ìwé owó bodè, pẹ̀lú ẹ̀gbà ọrùn tí wọ́n ti ṣe parí láti òkèèrè. Bí wọ́n bá pè é ní ìkọ́, àkọlé 83.08 ni.

Ìwé náà fúnra rẹ̀ ti dáhùn. Àjọ àwọn aṣọ́bodè àgbáyé tó wà ní Brussels ló ń bójú tó o, láti ọdún 1988 ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Àkọlé 83.08 dárúkọ ìkọ́ àti ìdè tí wọ́n fi irin lásán ṣe, tí à ń lò fún aṣọ, bàtà, aago ọwọ́ àti ẹ̀ṣọ́ ara. Wọ́n dárúkọ ẹ̀ṣọ́ ara níbẹ̀ kedere. Bí wọ́n bá tilẹ̀ fi omi wúrà pa ìkọ́ náà lára, irin lásán ni ìwé ṣì kà á sí. Èyí tó jẹ́ wúrà tàbí fàdákà gidi ló ń lọ sí 71.13. Ìwé kan náà fi ìlẹ̀kẹ̀ onígíláàsì tí a kò tíì sín sí 70.18, kò dà á pọ̀ mọ́ ẹ̀gbà ọrùn. Ó mọ̀ pé ohun èlò yàtọ̀ sí ohun tí a ti ṣe parí.

Ìyàtọ̀ yìí ni gbogbo ètò owó bodè ECOWAS, tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ọdún 2015, dúró lé lórí. Ìpele márùn-ún ló ní: 0, 5, 10, 20 àti 35 nínú 100. Ìpele 10 wà fún ohun tí oníṣẹ́ yóò tún fi ṣe nǹkan. Ìpele 20 wà fún ọjà tó ti parí. Ẹ jẹ́ kí ẹrù kan tó ₦1,000,000. Owó bodè ìpele 10 àti owó VAT 7.5 nínú 100 tó gùn ún jẹ́ ₦182,500. Ní ìpele 20, ó di ₦290,000. Ta ni yóò san ₦107,500 tó lé yẹn? Kì í ṣe ẹni tó kó ẹrù wọlé. Obìnrin tó ń ra ìkọ́ ní ẹyọ méjìlá-méjìlá ni. Ibikíbi tí wọ́n bá ti ń gba iye kan náà lórí ìkọ́ àti lórí ẹ̀gbà ọrùn tó ti parí, ìjọba ń sọ fún un pé kó jókòó, kó máa ta tàwọn ará Ṣáínà.

Àwọn kan á ní bí wọ́n bá dẹ ọ̀nà sílẹ̀ fún ìkọ́, àwọn oníjìbìtì á máa kó ẹ̀gbà ọrùn wọlé lórúkọ ìkọ́. Òótọ́ ni pé irú ìwà bẹ́ẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣí páálí yóò rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Kí wọ́n fi ìyà jẹ òpùrọ́; kí wọ́n má fi ẹ̀sùn òpùrọ́ gba owó lọ́wọ́ olóòótọ́.

Àwọn mìíràn á ní ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ìjẹ̀bú kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Owó tí wọ́n ń gbà lẹ́nu bodè wà lára ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ láàrin wọn àti Gómìnà Carter ti Èkó. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1892, wọ́n fẹnu kò sí £500 lọ́dún dípò owó náà. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún, ìbọn ti ń dún ní Ìmágbọn.

Àdéhùn ìrọ̀rùn òwò àgbáyé, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní ọdún 2017, sọ ní abala kẹta pé ẹni tó bá kọ̀wé béèrè àkọlé tí ọjà rẹ̀ yóò bọ́ sí kí ẹrù tó dé gbọ́dọ̀ rí ìdáhùn tó de aṣọ́bodè gbà. Obìnrin Ìbẹ̀fun kò ní agbẹjọ́rò tí yóò bá a kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kí Iléeṣẹ́ Aṣọ́bodè kọ ìpinnu kan ṣoṣo lórí ìkọ́ ìlẹ̀kẹ̀, kí wọ́n gbé e síta ní gbogbo èbúté àti ní Ìdí-Ìrókò, ní èdè tí oníṣòwò gbọ́: àkọlé rẹ̀ ni 83.08, ìpele ohun èlò sì ni ipò rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ìjọba tó bá sọ ìkọ́ di ẹ̀ṣọ́ ti fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn, owó ọmọ tirẹ̀ ló sì fi rà á.