Ọ̀gá, Má Bẹ̀rù Ìwé Ọmọṣẹ́ Rẹ

Kí ọ̀gá mẹkáníìkì kan ní Ìgbọ́kọ̀dá gbọ́ pé ọmọṣẹ́ òun fẹ́ máa lọ síléèwé ní Sátidé, ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ ni pé: "Ta ló máa wá bá mi tú ẹ́ńjìnnì?" Àwọn òbí náà á dá sí i: "Ṣé a ó sanwó iṣẹ́ tán, ká tún máa sanwó ìwé?" Ẹ̀rù tó ń ba ọ̀gá gan-an kò ju pé bí ọmọ bá gba sàtífíkéètì, Èkó tàbí Wàrì ló máa gbà lọ.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ojú lásán ni ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ fi ń wọn ọ́ìlì tí wọ́n ń pò mọ́ bẹntiróòlù ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Bí ọ́ìlì bá kéré jù, ẹ́ńjìnnì á gbóná, á sì gan. Bó bá pọ̀ jù, èéfín á bo ojú omi, pílọ́ọ̀gì á dọ̀tí. Ìwọ̀n rẹ̀ wà nínú ìwé tó bá ẹ́ńjìnnì wá, ṣùgbọ́n ta ló ń kà á? Ẹ́ńjìnnì tó bá sì kú lójú agbami, tèrò tọmọ nínú ọkọ̀, ẹ̀mí ló ń fi ṣeré yẹn o.

Ilẹ̀ Ìlàjẹ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ iyì iṣẹ́ ọwọ́. Lọ́dún 1947 ni àwọn ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ Ayétòrò dó sétí òkun. Àpò kan náà ni owó gbogbo wọn ń wọ̀. Wọ́n kan ọkọ̀, wọ́n hun aṣọ, wọ́n ran bàtà, nígbà tó sì di 1953, iná mànàmáná ti ń tàn níbẹ̀. Lónìí ńkọ́? Òkun ti gbé ilé, ó ti gbé ṣọ́ọ̀bù lọ. Ohun tó wà lórí èèyàn nìkan ni kò rí gbé.

Ìjọba náà ti rí i pé ọwọ́ àti ìwé gbọ́dọ̀ jọ rìn. NDE, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1986, ní ètò tí ọmọṣẹ́ fi ń wà lọ́dọ̀ ọ̀gá láàárín ọ̀sẹ̀, tó sì ń kọ́ ìwé iṣẹ́ ní Sátidé. NABTEB náà, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1992, ń ṣèdánwò fún oníṣẹ́ ọwọ́.

Kí wá ni ṣíṣe? Kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ọ̀gá á yọ̀ǹda Sátidé fún un, òbí á sanwó ọkọ̀ àti ti iléèwé, ọmọ náà á sì fi ọdún kan ṣiṣẹ́ gbowó lọ́dọ̀ ọ̀gá lẹ́yìn fíríìdọ̀ọ̀mù. Bí ọdún náà bá pé tó sì fẹ́ lọ, ẹ súre fún un. Orúkọ ọ̀gá tó kọ́ ọ ni yóò máa dá níbi tó bá dé.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ọ̀gá tí kò rójú ka ìwé ẹ́ńjìnnì, bó bá rán ọmọ níléèwé, ọmọ náà ni yóò kà á fún un.