Ẹ Má Fọ́ Tẹlifíṣọ̀n Onídìí Ńlá Yẹn

Ta ni kò gbá tẹlifíṣọ̀n létí rí nínú wa? Àwòrán á ṣàdédé lọ, bùọ̀dá á dìde, á gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwòrán á sì padà. A máa ń rò pé ọwọ́ bùọ̀dá ló mọ́ ọn. Fíṣíìsì ni o. Tí tẹlifíṣọ̀n bá gbóná, lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi jó àwọn párátì mọ́ bọ́ọ̀dù á fẹ̀. Tó bá tutù, á sún kì. Tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ojú ibi tí wọ́n jó á sán. Gbígbá yẹn kàn ń jẹ́ kó tún fara kanra fúngbà díẹ̀ ni.

Ohun tí mo rí ní Alajue, ní Ẹdẹ níbí, ló mú ọ̀rọ̀ yìí wá. Ọmọkùnrin kan tó ń ra condemn gbé òkúta sókè, ó fẹ́ fọ́ tẹlifíṣọ̀n ínǹṣì 21 kan nítorí wáyà bàbà tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé òjé inú gíláàsì yẹn lè ju kílò kan lọ? Bó bá wà lódindi, kò sí wàhálà. Tí wọ́n bá fọ́ ọ wẹ́wẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré ńkọ́? Mo fún un lówó díẹ̀, mo gbé e lọ sílé.

Nígbà tí mo tàn án, ìlà funfun kan ṣoṣo ló là á láàárín.

Ẹ wò ó, ìgò ńlá tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde ni nǹkan yẹn. Ohun kan bí ìbọn wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń yin ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù sójú gíláàsì. Wáyà bàbà tó wà lọ́rùn rẹ̀ ló ń ṣe bíi mágnẹ́ẹ̀tì, òun ló ń tì wọ́n sọ́tùn-ún, sósì, sókè, sísàlẹ̀. Lórí PAL tí à ń lò ní Nàìjíríà, ìlà 625 ló wà nínú àwòrán kan, àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀: 15,625. (Igbe "swìì" tí àwọn ọmọdé ń gbọ́ tí màmá àgbà kì í gbọ́, òun nìyẹn.) Tó bá ku ìlà kan tó dùbúlẹ̀, apá tó ń tì í sókè-sísàlẹ̀ ló kú. Kí ẹ tètè dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù, kó má bàa jó ojú gíláàsì.

Èmi ò ṣí i o. Iná tó wà nínú ẹ̀ lè tó 25,000 fóòtì, ó sì lè dúró síbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ kúrò lára iná. Bàbá kan ládùúgbò tó ti ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe tipẹ́ ló ṣí i. IC kan ló ti jó. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ó parí.

Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Géèmù ni jàre! Ẹ rántí Terminator, ayédèrú Famicom ti Nintendo, àti ìbọn tí a fi ń yin pẹ́pẹ́yẹ? Ẹ gbìyànjú ẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ, ẹ ò ní pa ẹyọ kan. Tí ẹ bá tẹ ìbọn, ojú tẹlifíṣọ̀n á dúdú, ibi tí pẹ́pẹ́yẹ wà á wá funfun báì, ojú tó wà nínú ìbọn á sì rí i. Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ máa ń kọ́kọ́ ro àwòrán pọ̀ kó tó gbé e jáde. Kí funfun yẹn tó dé, géèmù ti kà á sí pé ẹ tàsé.

Òótọ́ ni pé ó ń jẹ iná. N ò ní kí ẹnikẹ́ni máa fi wo ìròyìn. Ohun tó ń dùn mí ni pé irú ìgò báyìí ni J.J. Thomson lò ní 1897 tó fi rí ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù. Nílé ìwé gírámà, orí pátákó ni wọ́n ti yà á fún wa. Wọ́n ní kò sí irinṣẹ́. Irinṣẹ́ wà, òkúta la fi ń fọ́ ọ lójú títì. Bàbá yẹn ò sì ní ọmọṣẹ́ kankan mọ́, fóònù ni gbogbo wọn fẹ́ kọ́.

Bàbá ti ní kí n máa bá àwọn kó èyí tó bá ti kú pátápátá wá, káwọn lè máa yọ párátì lára wọn. Ibi tí a máa kó gíláàsì rẹ̀ sí ni a ò tíì rí.