Ìjayà Kì í Ṣe Ìwà Ojo

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yá wa lẹ́nu púpọ̀ ní ilé àti ní ilé-ìwé, òun ni mo sì fẹ́ bá jà lónìí. Ọ̀rọ̀ náà ni "ojo." A ń pe ẹni tí ó sá fún ìjà bẹ́ẹ̀, a ń pe ẹni tí ó ń bẹ̀rù òkùnkùn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a tún ń pe ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n nígbà tí a pín ìwé ìdánwò bẹ́ẹ̀, ọmọ tí òógùn bò nígbà tí olùkọ́ ní kí ó dìde kàwé sí etígbọ̀ọ́ gbogbo kíláàsì, tí àyà rẹ̀ sì ń lù kì-kì-kì láìsí ẹni tí ó ń lé e. Ìwọ ọmọ ilé-ìwé tí o ń ka ìwé yìí, bí o kò bá tíì pe ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ rí, ó lè jẹ́ pé ìwọ gan-an ni ẹni tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Èyí yòówù kí o jẹ́ nínú méjèèjì, jọ̀wọ́ fi ara balẹ̀ gbọ́ tèmi.

Nígbà tí mo wà ní kíláàsì karùn-ún, ọmọkùnrin kan wà láàárín wa tí ẹnikẹ́ni kò lè pè ní ojo. Òun ni aṣọ́lé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa. Ní ọjọ́ kan tí ejò sèbé yọ sí wa ní oko ilé-ìwé, gbogbo wa ni a fọ́n ká bí ẹyẹ. Òun nìkan ni ó dúró, tí ó sì fi ọkọ́ pa ejò náà. Ọmọ yìí kan náà ni ó dìde nínú gbọ̀ngàn ìdánwò ìwé mẹ́wàá wa ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìṣirò, tí kò tíì kọ ju orúkọ rẹ̀ lọ, tí ó sì jáde. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé bí òun ti ṣí ìwé ìbéèrè ni àyà òun já. Ọkàn òun ń lù bí ẹni pé yóò fò jáde, èémí kò tó òun, ìka ọwọ́ òun ń jó wìnnìwìnnì títí wọ́n fi gan, ojú òun sì ṣú. Ó dá a lójú pé ikú ni ó dé.

Kí ni a ṣe fún un? Alábòójútó ìdánwò ní kò kàwé ni. Olùkọ́ kan ní ẹgba ni ó tọ́ sí i. Àwọn ará ilé rẹ̀ ní ayé ni ó ń bá a jà, wọ́n sì ń gbé e kiri láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Àwa ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àwa tí ó gbà lọ́wọ́ ejò, fún un ní orúkọ ẹ̀gàn kan, èmi náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo kọ èyí sílẹ̀ nítorí pé n kò fẹ́ kí o rò pé orí òkè ni mo dúró sí tí mo fi ń bá ọ wí. Kò pẹ́ tí ìjayà náà tún fi mú un nínú ọkọ̀ akérò. Ó tún mú un nínú ilé ìjọsìn. Nígbà tí ó ṣe, kò lè kọjá ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé mọ́. Kò jókòó fún ìdánwò náà títí di òní.

Ìbẹ̀rù fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá. Àwọn baba wa ní ìbẹ̀rù ejò kì í jẹ́ kí á tẹ ọmọ ejò mọ́lẹ̀. Ní ọdún 1915, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Walter Cannon tẹ ìwé jáde lórí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ara nígbà tí ẹ̀rù tàbí ìbínú bá dé. Ó fi yé wa pé ńṣe ni ara ń múra láti jà tàbí láti sá. Lórí kíndìnrín wa kọ̀ọ̀kan ni ohun kékeré kan wà, ó bò ó bí fìlà, òun ni ó sì ń tú omi tí àwọn oníṣègùn ń pè ní adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Bí omi yìí bá ti tú, ọkàn a máa yára lù kí ẹ̀jẹ̀ lè dé apá àti ẹsẹ̀. Èémí a máa yára. Òógùn a bo ara kí ó má baà gbóná jù. Iṣẹ́ tí ikùn ń ṣe lórí oúnjẹ a falẹ̀, ìdí sì nìyí tí inú fi ń rú wa. Gbogbo rẹ̀ ni ó dára fún ọdẹ tí ó pàdé ẹkùn. Yóò fi sáré, yóò fi gun igi. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó jókòó níwájú ìwé ìbéèrè kò ní igi tí yóò gùn. Ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ bí ẹni tí ń sáré, bẹ́ẹ̀ ni kò kúrò lójú kan. Nípa bẹ́ẹ̀ ó ń mí èyí tí ó yẹ kí ó ṣẹ́ kù díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ síta ju bí ó ti yẹ lọ, òyì á wá kọ́ ọ, ìka ọwọ́ rẹ̀ àti ètè rẹ̀ á máa jó wìnnìwìnnì, àyà rẹ̀ á sì há. Ó rò pé èémí kò tó òun. Èémí ti pọ̀ jù ni. Nígbà náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ìbẹ̀rù náà, ẹ̀rù kejì yìí ni ó sì ń da epo sí iná èkínní.

Iná náà kì í jó lọ láìdúró. Ìjayà máa ń dé òtéńté rẹ̀ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀, yálà ẹni tí ó mú ṣe nǹkan kan tàbí kò ṣe nǹkan kan.

Wàyí o, ẹ̀yin tí ẹ ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ojo, ẹ dá mi lóhùn. Ojo ni ẹni tí ó mọ ohun tí ó tọ́, tí agbára rẹ̀ ká a, tí ó sì kọ̀ láti ṣe é nítorí àtidáàbò bo ara rẹ̀. Ọmọ tí omi ara rẹ̀ tú láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni ó kọ̀? Bí ibà bá mú ọ tí ara rẹ ń gbọ̀n, ta ni yóò sọ pé ìwà rẹ ni ó burú? Ẹ ó ní ibà yàtọ̀, nítorí pé ẹ̀fọn ni ó ń fà á. Ta ni nínú yín ni ó fi ojú rí ohun tí ẹ̀fọn gbé sínú ẹ̀jẹ̀? Ẹnu àwọn oníṣègùn ni ẹ ti gbọ́ ọ, ẹ sì gbà á. Kí ni ó dé tí ẹ fi ń kọ etí dídi sí wọn lórí èyí? Lójú tèmi, ọmọ tí ìjayà mú lánàá, tí ó sì tún padà wá jókòó sí àga kan náà lónìí, láyà ju ẹni tí kò mú rí lọ.

Àwọn mìíràn kì í sọ pé ojo ni. Wọ́n ní ayé ni, wọ́n ní ìyá àgbà ilé kejì ni. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀, àdúrà a sì máa fi ọkàn ni balẹ̀. Ohun tí mo kọ̀ ni kí a máa wá ọ̀tá fún ọmọ tí ẹ̀rù ti ń bà tẹ́lẹ̀. Bí o bá sọ fún ẹni tí ó ń gbọ̀n pé ẹnì kan fara pamọ́ sí ẹ̀yìnkùlé tí ó fẹ́ pa á, ṣé ọkàn rẹ̀ yóò rọlẹ̀ ni? Ọmọ kò sàn, ìyá àgbà sì ti pàdánù orúkọ rere.

Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ pé àrùn àwọn ọmọ ìsinsìnyí ni. Irọ́ ni. Ní ọdún 1954 ni Thomas Adéoyè Lámbò, oníṣègùn ọpọlọ tí a bí ní Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Arò ní ìlú náà. Kò fẹ́ kí a máa ti aláìsàn mọ́ ẹ̀yìn ògiri. Ó mú kí wọ́n máa gbé pẹ̀lú ìbátan wọn ní àwọn abúlé tí ó wà nítòsí, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì máa gba ìtọ́jú. Oníṣègùn ará Kánádà kan tí ń jẹ́ Raymond Prince, tí ó bá wọn ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ yìí, kọ̀wé ní ọdún 1960 nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà tí orí wọn ń gbóná bí ẹni tí a da ata sí, tí ojú ń ro wọ́n, tí ohun tí wọ́n kà kò sì wọ inú mọ́. Orúkọ tí ó wà fún un ni brain fag. Àwọn oníṣègùn ti jiyàn púpọ̀ lórí bóyá àrùn ọ̀tọ̀ ni tàbí àníyàn ni ó wọ aṣọ mìíràn. Nítorí náà, bí bàbá rẹ àgbà bá sọ pé kò sí irú èyí nígbà tiwọn, má bá a jiyàn, nítorí ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n mọ̀ pé nígbà tiwọn gan-an ni a kọ ọ́ sílẹ̀. Ìtìjú ni ó jẹ́ kí wọ́n dákẹ́. Òfin wa pàápàá kò ràn wọ́n lọ́wọ́: òfin àtijọ́ tí ó fi orúkọ wèrè pe gbogbo àìsàn ọkàn ni a ń lò títí Ààrẹ fi fi ọwọ́ sí òfin tuntun ní oṣù kìíní ọdún 2023.

Ìwọ tí ó ń ṣe, ìwọ ni mo yíjú sí báyìí. Kọ́kọ́ jẹ́ kí oníṣègùn yẹ̀ ọ́ wò, nítorí pé ikọ́ fée, àìtó ẹ̀jẹ̀ àti àrùn ọkàn a máa jọ ọ́ nígbà mìíràn. Bí ó bá ní ara rẹ dá, gbà á gbọ́. Nígbà tí ìjayà bá tún dé, má bá a jà, má sì sá. Tẹ ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì mọ́lẹ̀. Mí síta díẹ̀díẹ̀, kí ó pẹ́ ju èyí tí o mí sínú lọ, bí ẹni tí ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ̀kọ gbígbóná tí kò sì fẹ́ kí ó dànù. Sọ fún un nínú ọkàn rẹ pé, "Mo mọ̀ ọ́. O ti wá rí, o sì lọ." Bí ó bá ti ń rọlẹ̀, mú ìbéèrè tí ó rọrùn jù lọ.

Lórí sísá ni mo fẹ́ dúró díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rẹ́ mi ti ṣubú. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló yóò sá. Bí o bá jáde kúrò nínú gbọ̀ngàn, ara yóò tù ọ́ lójú ẹsẹ̀, ìwọ yóò sì rò pé o ti bọ́. Owó èlé ni ìtura náà. Ara rẹ ti kọ́ pé gbọ̀ngàn ni ejò, sísá ni ó sì gbà ọ́ là. Ní ọjọ́ kejì èlé náà yóò ti gorí, ọkọ̀ yóò di ejò, kíláàsì yóò di ejò. Bí kò bá ṣeé ṣe rárá kí o dúró, bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mí, kí o sì padà wọlé. Àwọn tí ń tọ́jú àìsàn ọkàn mọ bí a ti ń mú ni padà sí ibi tí ẹ̀rù wà ní ìṣísẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, oògùn sì wà fún ẹni tí ó bá nílò rẹ̀. Sọ fún òbí rẹ, tàbí fún olùkọ́ kan tí o fọkàn tán. Ẹni tí ó bá dákẹ́, ti ara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Kí o sì jáwọ́ nínú fífi ẹsẹ̀ sínú omi tútù lóru, kí o máa jẹ obì, kí o máa mu kọfí tàbí ohun mímu inú agolo tí wọ́n ní ó ń fún ni lágbára. Ohun tí ó wà nínú wọn ni ó ń mú kí ọkàn yára lù. O ra ìjayà pẹ̀lú owó ara rẹ nìyẹn. Lọ sùn.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo pàdé ọ̀rẹ́ mi yìí ní Ìbàdàn. Ó ti di aránṣọ, iṣẹ́ sì pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo jókòó wò ó bí ó ti ń fi ẹfun fa ilà sórí aṣọ, tí ó ń pín in sí ọ̀nà mẹ́jọ láìwo ìwé kankan. Mo tọrọ àforíjì fún ẹ̀rín tí mo rín ní ọjọ́ náà, mo sì sọ gbogbo ohun tí mo ti sọ fún ọ yìí fún un. Ó gbọ́ mi títí dé òpin, okùn ìwọ̀n ń bẹ lọ́rùn rẹ̀.

Ó ní, "Ìṣẹ́jú mélòó ni o ní ó máa ń gbà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀?"

Mo ní nǹkan bí mẹ́wàá ni.

Ó tẹ aṣọ náà sílẹ̀. Ó ní, "Wákàtí méjì ààbọ̀ ni ìdánwò náà."